Bí ext4 ṣe ń kọ journal rẹ̀: ẹ tú u wò lórí láptọ́ọ̀pù yín

Láti Tàkíé dé Under-G, kò sí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà wá oúnjẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ ohun tí iná tó lọ lójijì lè fà. Ẹni tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tẹ project, akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tó ń ṣírò owó ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ tó ń kọ́ program nínú yàrá rẹ̀ ní Adéníkẹ́, ojú iná ni gbogbo wọn ń wò. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ti gbó, inverter ti ń ké, iná sì lọ. Nígbà tó bá padà dé, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ á tún dìde bíi pé nǹkan kan kò ṣe é.

Lórí Linux, ext4 ni ètò tó sábà máa ń to fáìlì sórí díìsìkì. Journal rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń kọ ìyípadà sílẹ̀ kó tó ṣe é, ló ń jẹ́ kó dìde bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ Linux ló sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á bá handle, checkpoint, revoke àti barrier pàdé lójú ewé kan ṣoṣo, wọ́n á sì pa ìwé náà dé. Lójú tèmi, òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: èwo la kọ́kọ́ kọ, èwo ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ ìtòtẹ̀léra yẹn ti mú orí ọ̀rọ̀, ìyókù á máa yé e bó ṣe ń lọ. Nítorí náà, a ó ṣe díìsìkì kékeré kan, a ó kọ fáìlì sínú rẹ̀, a ó ṣe bí ẹni pé iná lọ, a ó wá tú journal rẹ̀ wò ní búlọ́ọ̀kù (ègé àyè lórí díìsìkì) kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu, Mint tàbí Debian, àyè bíi 300MB, àti password tí ẹ fi ń lo sudo. Àwọn irinṣẹ́ pàtàkì tí a ó lò wà nínú e2fsprogs, tó ti máa ń wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. A ò ní fọwọ́ kan díìsìkì yín gan-an. Inú fáìlì kan ni gbogbo rẹ̀ á ti ṣẹlẹ̀.

Kí ló ń yí padà tí ẹ bá fi fáìlì kan pamọ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ kọ ìlà kan sínú fáìlì tuntun tó ń jẹ́ owo.txt. Lójú yín, nǹkan kan ṣoṣo lẹ ṣe. Lórí díìsìkì, ó kéré tán, ibi mẹ́fà ló yí padà. Orúkọ fáìlì gbọ́dọ̀ wọ inú fódà. Inode rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ bó ṣe tóbi tó, ẹni tó ni ín àti ìgbà tí wọ́n ṣe é, gbọ́dọ̀ kún. Àwòrán (bitmap) tó ń fi inode tó ṣófo hàn gbọ́dọ̀ yí, èyí tó ń fi búlọ́ọ̀kù tó ṣófo hàn náà gbọ́dọ̀ yí, iye tó ṣẹ́ kù ní apá díìsìkì yẹn gbọ́dọ̀ dín. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ gan-an. Márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn ni metadata. Ìkẹfà ni data.

Díìsìkì kò lè kọ ibi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá lọ lẹ́yìn ìkẹta, orúkọ lè wà nínú fódà kó má sí ohun tó ń tọ́ka sí, tàbí kí búlọ́ọ̀kù kan jẹ́ ti fáìlì méjì. Láyé ext2, tó ṣáájú ext3 àti ext4, lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, e2fsck, irinṣẹ́ tó ń yẹ díìsìkì wò, ní láti yẹ gbogbo díìsìkì wò láti òkè délẹ̀ kó tó gbà kí ẹ wọlé. Stephen Tweedie ló kọ journal tó sọ ext2 di ext3, ó sì wọ inú Linux 2.4.15 ní oṣù kọkànlá ọdún 2001. Wọ́n kéde pé ext4 ti dúró dáadáa nínú Linux 2.6.28, ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. Apá kernel (ọkàn Linux fúnra rẹ̀) tó ń kọ journal fún un ni wọ́n ń pè ní jbd2.

Alájọ tó mọṣẹ́ ló jọ ọ́ jù lọ. Lójú ọ̀nà, ìwé pélébé ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ owó sí, á sì fọwọ́ sí i níwájú ẹni tó dá owó. Tó bá délé ni yóò fara balẹ̀ dà á sínú ìwé ńlá. Bí òjò bá ba ìwé ńlá jẹ́, ìwé pélébé wà. Ìlà tí kò bá ní ìfọwọ́sí nínú ìwé pélébé, kò sí ẹni tó máa kà á.

Ìtòtẹ̀léra tí mo ń sọ nìyí, bí ext4 ṣe ń ṣe é tí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà. Data á kọ́kọ́ lọ sí àyè rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, jbd2 á kọ búlọ́ọ̀kù descriptor sínú journal, èyí tó ń sọ pé "àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé mi yìí, ibi báyìí báyìí ni wọ́n ń lọ." Ẹ̀dà metadata á tẹ̀ lé e. jbd2 á wá dúró. Ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé gbogbo ìyẹn ti balẹ̀ sórí díìsìkì. Ìgbà náà ló máa kọ búlọ́ọ̀kù commit. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni transaction kan. Tó bá yá, wọ́n á gbé metadata lọ sí àyè rẹ̀ gan-an. Ìyẹn ni checkpoint, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àyè inú journal á tó ṣófo fún ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ wo èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́

```
findmnt -no SOURCE,FSTYPE,OPTIONS /
```

Bó bá sọ ext4, ẹ mú orúkọ díìsìkì tó kọ́kọ́ jáde, ká ní /dev/sda2 ni, kí ẹ tẹ:

```
sudo dumpe2fs -h /dev/sda2 | grep -i journal
```

Ẹ ó rí i pé inode 8 ni journal ń gbé, àti bó ṣe tóbi tó. Fáìlì ni òun náà, tí kò ní orúkọ nínú fódà kankan. Bó bá jẹ́ xfs tàbí btrfs ni tiyín, ẹ má dúró. Díìsìkì tí a fẹ́ ṣe yìí á ṣiṣẹ́ lórí èyíkéyìí.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ ṣe díìsìkì kékeré

```
mkdir -p ~/idanwo/mnt
cd ~/idanwo
truncate -s 64M disk.img
mkfs.ext4 -q -b 4096 -J size=4 -E lazy_itable_init=0,lazy_journal_init=0 disk.img
sudo mount -o loop disk.img mnt
```

Mo ní kí búlọ́ọ̀kù jẹ́ 4096 báìtì, kí journal sì jẹ́ 4MB. Ìyẹn á fún wa ní búlọ́ọ̀kù 1024, iye tó kéré jù tí ext4 lè gbà fún journal. Àwọn ọ̀rọ̀ lazy méjèèjì tí mo sọ di 0 ṣe pàtàkì níbí. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, kernel á máa parí iṣẹ́ mkfs lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti mount (so díìsìkì mọ́ fódà), iṣẹ́ yẹn á sì máa wọ inú journal tí a fẹ́ kà. Journal tó mọ́ la fẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ kọ fáìlì, kí ẹ mú iná lọ

```
sudo sh -c 'echo "Ajo ose yii: 5000" > mnt/owo.txt; sync mnt/owo.txt; cp disk.img ina-lo.img'
```

Ẹ má ya ìlà yìí sí mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ nìyí. Tí a bá kọ orúkọ fáìlì sí iwájú sync, fáìlì yẹn nìkan ló máa fsync, ìyẹn ni pé òun nìkan ló máa tì dé orí díìsìkì. Data á lọ sílé, transaction á wọ journal, ó parí. Metadata kò tíì dé àyè rẹ̀ gan-an. Kernel máa ń fi í sínú RAM títí tó fi tó bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó gbé e lọ. Inú àlàfo yẹn gan-an ni a ti fẹ́ mú iná lọ, cp tó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ ló sì bá wa ṣe é. ina-lo.img ni díìsìkì bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú àáyá tí iná lọ. Bí ẹ bá tẹ sync lásán láìkọ orúkọ fáìlì, gbogbo metadata ló máa lọ sílé, kò sì ní sí ohun tí journal máa gbà là.

Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì pa mọ́, a ó nílò rẹ̀:

```
sudo cp ina-lo.img baje.img
```

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú díìsìkì tí iná lọ mọ́ lórí:

```
sudo debugfs -R "ls /" ina-lo.img
```

Yàtọ̀ sí . àti .., lost+found nìkan lẹ ó rí. owo.txt kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ext2 ni, kò sí journal tó máa dá a padà.

Ìgbésẹ̀ 4: ẹ ka journal

```
sudo debugfs -R "logdump -a" ina-lo.img
```

Ìlà tó máa jáde pọ̀. Ẹ wá àwọn tó jọ èyí, nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀:

```
Journal starts at block 1, transaction 2
Found expected sequence 2, type 1 (descriptor block) at block 1
Found expected sequence 2, type 2 (commit block) at block 9
No magic number at block 10: end of journal.
```

Láàárín descriptor àti commit, ẹ ó rí àwọn ìlà tó ń sọ pé FS block kan wà ní journal block kan. Ìyẹn ni descriptor ń pè jáde: "Búlọ́ọ̀kù tó wà níbí, ibi báyìí ni ilé rẹ̀." Bí ẹ bá ka àwọn ìlà yẹn, ẹ ó bá àwọn ibi tí mo dárúkọ lókè pàdé: fódà, inode, àwòrán méjèèjì, iye tó ṣẹ́ kù.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí orí búlọ́ọ̀kù yẹn ṣe rí lójú, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù máa ti kúrò lára yín:

```
sudo debugfs -R "cat <8>" ina-lo.img | od -A d -t x1 -j 4096 -N 12
```

Bó bá jẹ́ pé block 1 ni journal yín ti bẹ̀rẹ̀, báìtì 12 lẹ ó rí: c0 3b 39 98, lẹ́yìn náà 00 00 00 01, lẹ́yìn náà nọ́ńbà transaction. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni àmì ìdánimọ̀ jbd2. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tí journal fi ń darí ara rẹ̀ ló ní in, ní gbogbo díìsìkì ext3 àti ext4 káàkiri ayé. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ń sọ irú búlọ́ọ̀kù tó jẹ́: 1 ni descriptor, 2 ni commit, 3 àti 4 jẹ́ ti orí journal fúnra rẹ̀, 5 ni revoke. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni nọ́ńbà transaction. Ó tán. Kò sí ohun mìíràn tí journal fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn mẹ́ta yìí. Ẹni tó bá mọ Python díẹ̀ lè kọ program tó máa ka orí àwọn búlọ́ọ̀kù yìí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kó ṣáà rántí pé láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún ni wọ́n kọ nọ́ńbà inú journal, báìtì tó tóbi jù ló ṣáájú, nígbà tó jẹ́ pé òdìkejì rẹ̀ ni ìyókù ext4 ń lò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn.

Ìbéèrè kan máa ń wá níbí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ronú dáadáa: bí ẹ̀dà metadata kan bá ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú c0 3b 39 98 ńkọ́? jbd2 ti rò ó. Á sọ báìtì mẹ́rin yẹn di òdo nínú journal, á fi àmì sí i nínú descriptor, nígbà ìmúpadàbọ̀sípò á sì dá wọn padà.

Ìgbésẹ̀ 5: iná dé

```
sudo e2fsck -fy ina-lo.img
sudo debugfs -R "ls /" ina-lo.img
sudo debugfs -R "cat /owo.txt" ina-lo.img
```

Ìlà tó ń sọ "recovering journal" lẹ ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn rẹ̀, owo.txt ti wà nínú fódà, 5000 sì wà nínú rẹ̀. Kernel tàbí e2fsck ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí ẹ̀rọ yín bá ń dìde. Bó bá jẹ́ kernel ni, ẹ lè wá a pẹ̀lú sudo dmesg | grep -i ext4, níbi tó ti máa ń sọ pé recovery complete.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹni tó ń ṣe ìmúpadàbọ̀sípò máa ń la journal kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń wá ibi tí commit tó pé ti parí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń kó àwọn revoke jọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó ń gbé ẹ̀dà lọ sílé. Revoke yìí tọ́ sí àlàyé. Ká ní fódà kan wà ní búlọ́ọ̀kù 500, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú journal. Ẹ pa fódà náà rẹ́, wọ́n fún fáìlì fọ́tò ní búlọ́ọ̀kù 500. Iná lọ. Bí a bá kàn gbé ẹ̀dà àtijọ́ lọ sílé láìbéèrè, fódà tó ti kú á bo fọ́tò yín mọ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ pa fódà rẹ́, jbd2 ti kọ ọ́ sínú journal pé: "Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má gbé ẹ̀dà búlọ́ọ̀kù 500 tó ṣáájú èyí mọ́."

Ìgbésẹ̀ 6: ẹ nu ìfọwọ́sí kúrò

Èyí ni mo kà sí ọkàn gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ má fò ó. Ẹ padà sí ohun tí logdump sọ, kí ẹ mú nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù commit tó gbẹ̀yìn. Nínú àpẹẹrẹ wa, 9 ni. Nọ́ńbà yẹn jẹ́ ipò rẹ̀ nínú journal, a sì fẹ́ mọ ipò rẹ̀ lórí díìsìkì:

```
sudo debugfs -R "bmap <8> 9" baje.img
```

Nọ́ńbà kan á jáde. Ẹ fi í sí ibi tí mo kọ NOMBA sí:

```
sudo dd if=/dev/zero of=baje.img bs=4096 seek=NOMBA count=1 conv=notrunc
sudo debugfs -R "logdump" baje.img
sudo e2fsck -fy baje.img
sudo debugfs -R "ls /" baje.img
```

Ẹ ṣọ́ra gidigidi pẹ̀lú of= nínú dd. Bí ẹ bá kọ orúkọ díìsìkì gidi síbẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ á lọ láìbéèrè.

Ẹ ó rí i pé descriptor ṣì wà. Gbogbo ẹ̀dà metadata ṣì wà níbẹ̀ láìyingin. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ náà wà lórí díìsìkì. Síbẹ̀, owo.txt kò sí. Búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ló dín, ìmúpadàbọ̀sípò sì kọ̀ láti ka ìyókù sí. e2fsck kò sì ní rojọ́ pé díìsìkì bàjẹ́, nítorí kò bàjẹ́. Bó ṣe wà kí ẹ tó kọ owo.txt ló padà sí. Ìlérí tí journal ṣe nìyẹn: yálà gbogbo transaction tàbí òfo, kò sí àbọ̀. Fáìlì tí ẹ kò tíì parí lè sọnù. Díìsìkì kò ní dàrú.

Ìgbésẹ̀ 7: ẹ má ṣe ba ìtòtẹ̀léra jẹ́

Ẹ ti rí i pé commit gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Ìṣòro ni pé díìsìkì náà ní RAM kékeré tirẹ̀. Á sọ fún kernel pé "mo ti kọ ọ́", nígbà tó jẹ́ pé inú RAM yẹn ló ṣì wà, ó sì lè kọ commit ṣáájú ẹ̀dà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí iná bá lọ nígbà náà, ẹ ti ní ìfọwọ́sí lórí ìwé òfìfo. Nítorí èyí ni ext4 fi máa ń pàṣẹ fún díìsìkì pé kó da gbogbo ohun tó wà nínú RAM rẹ̀ sílẹ̀ kí commit tó wọlé, kó sì kọ commit náà tààrà. Barrier ni wọ́n ń pè é, ó sì wà ní títàn láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohunkóhun.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ fi barrier=0 tàbí nobarrier sínú /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa mount díìsìkì, kí ẹ̀rọ lè yá. Ó máa ń yá lóòótọ́. Mo bẹ̀ yín, ní ìlú tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ má dán an wò. Inverter kì í ṣe ìdí láti pa á. Wáyà inverter náà ń tú, bátìrì rẹ̀ náà ń kú. Checksum (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yẹ data wò) tó wà nínú journal òde òní lè jẹ́ kí ìmúpadàbọ̀sípò mọ̀ pé ohun kan kò bára mu, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tí a kò kọ padà. Ohun kan náà ni mo máa sọ nípa journal_async_commit, tó ń gbà kí commit lọ láìdúró de descriptor.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ext4 lè gbà bójú tó data yín. data=ordered ni èyí tí ẹ ń lò tí ẹ kò bá yan nǹkan kan, òun ni mo sì ṣàlàyé. data=writeback kò dúró de data kó tó commit, nítorí náà fáìlì lè padà wá pẹ̀lú ìdọ̀tí àtijọ́ nínú rẹ̀. data=journal ń kọ data pàápàá sínú journal, nípa bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kọ gbogbo nǹkan. Ẹ fi ordered sílẹ̀ bó ṣe wà.

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, bí kò bá sí ẹni tó pe fsync, jbd2 á commit fúnra rẹ̀. commit=30 nínú fstab á sọ ọ́ di 30, ohun tó lè sọnù náà á sì pọ̀ sí i. Kò yẹ fún ẹ̀rọ tó wà lójú iná.

Ohun tí journal kò lè ṣe fún yín

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ń kọ program. Journal ń dáàbò bo díìsìkì. Kò ṣèlérí pé ohun tí program yín kọ ti dé orí rẹ̀. ext4 máa ń fi yíyan àyè fún data falẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ kọ láìpe fsync lè wà nínú RAM fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, bí commit tilẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 5 kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2009, àwọn tó ń lo ext4 tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í rí fáìlì tó padà wá ní òfìfo lẹ́yìn tí ẹ̀rọ wọn kú lójijì. Wọ́n fi àtúnṣe sínú Linux 2.6.30 fún àwọn àṣà tó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n program tó mọṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé àánú yẹn.

Bí ẹ bá ń kọ program tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ tàbí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ ṣe máa fi fáìlì pamọ́ nìyí:

```
import os

def fi_pamo(ona, oro):
    fun_igba_die = ona + ".tmp"
    with open(fun_igba_die, "w", encoding="utf-8") as f:
        f.write(oro)
        f.flush()
        os.fsync(f.fileno())
    os.replace(fun_igba_die, ona)
    d = os.open(os.path.dirname(ona) or ".", os.O_RDONLY)
    try:
        os.fsync(d)
    finally:
        os.close(d)
```

Ẹ wò ó dáadáa, ìtòtẹ̀léra tí a ti ń sọ bọ̀ náà ni. Fáìlì tuntun lọ síbi tí kò ti lè pa ti àtijọ́ lára. A dúró kó balẹ̀. Ìgbà náà la tó pààrọ̀ orúkọ, pípààrọ̀ yẹn sì jẹ́ metadata, inú transaction kan ló máa wà. fsync tó gbẹ̀yìn, lórí fódà, ló ń rí i pé orúkọ tuntun náà ti wọ journal. Ẹni tó bá lo SQLite, tó ń tọ́jú data sínú fáìlì kan, kò ní láti kọ èyí fúnra rẹ̀, SQLite ní journal tirẹ̀ tó ń ṣe irú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó yá sí i

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́:

```
cat /proc/fs/jbd2/*/info
```

Iye transaction lẹ ó rí, àti mélòó nínú wọn tí program béèrè fún. Bí iye tí wọ́n béèrè fún bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo rẹ̀, fsync ló ń jẹ àkókò yín. Journal tó tóbi lè ran ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́, nítorí òbìrípo ni journal: bí ìparí rẹ̀ bá lé ìbẹ̀rẹ̀ bá, gbogbo ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan á dúró de checkpoint. Transaction kan ṣoṣo kò sì lè gba gbogbo journal. Fún láptọ́ọ̀pù lásán, èyí tí mkfs yàn ti tó.

Láti Linux 5.10, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ext4 ní fast commit. Dípò kó kọ ẹ̀dà odidi búlọ́ọ̀kù 4096 nítorí ìyípadà kékeré, á kọ ìyípadà náà ní ṣókí sí apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú journal, á sì máa ṣe commit kíkún látìgbà dégbà. tune2fs -O fast_commit ló ń tàn án. Ẹ dán an wò lórí díìsìkì ìdánwò mìíràn ná, kì í ṣe díìsìkì yín gan-an; journal 4MB inú disk.img kéré jù fún un.

XFS, ètò fáìlì mìíràn tí àwọn server Red Hat ń lò láti RHEL 7, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Àwọn apá tó yí padà nìkan ló ń kọ sínú log rẹ̀, ó sì máa ń kó ọ̀pọ̀ ìyípadà jọ nínú RAM kó tó dà wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. xfs_logprint ni ẹ ó fi kà á. Bí XFS bá kọ̀ láti mount, tí xfs_repair sì dábàá -L, ẹ mọ̀ pé ńṣe ni -L ń ju gbogbo log nù pẹ̀lú ohun tí kò tíì délé. Òun ni kó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà díìsìkì náà.

Ó ku flash. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lọ sí business centre sábà máa ń jẹ́ FAT32 tàbí exFAT, àwọn méjèèjì kò sì ní journal rárá. NTFS tí Windows ń lò ní in, fún metadata nìkan. Nítorí náà, ẹ má ṣiṣẹ́ tààrà lórí flash ẹni. Ẹ da fáìlì sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣe é níbẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ tẹ Eject, kí ẹ sì dúró kó dáhùn kí ẹ tó fà á yọ.

Bí ẹ bá ti ṣe tán pẹ̀lú ìdánwò wa:

```
cd ~
sudo umount ~/idanwo/mnt
sudo rm -r ~/idanwo
```

Ẹ rí i pé umount yẹn ṣàṣeyọrí kí ẹ tó tẹ rm.